Yunifásítì àti ìlú tó gbà á lálejò: ta ló jẹ ta ní gbèsè?

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ọdún 1355, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì kan jókòó sí ilé ọtí ní ìlú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní wáìnì tí wọ́n gbé wá fún àwọn kò dára, ni wọ́n bá dà á sí onílé ọtí lára. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di ogun láàárín yunifásítì àti ìlú. Nígbà tí eruku rẹ̀ rọlẹ̀, a gbọ́ pé nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 63 ni ó ti kú, yàtọ̀ sí àwọn ará ìlú tí ó bá a lọ. Ọba dá ẹjọ́ náà, ó sì dá ìlú lẹ́bi. Láti ìgbà náà ni mẹ́yọ̀ Oxford àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọdọọdún láti gbàdúrà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kú, tí wọ́n sì ń san pẹ́nì kan lórí orí kọ̀ọ̀kan. Ó di ọdún 1825 kí mẹ́yọ̀ kan tó yarí pé òun kò ní í ṣe é mọ́.

Ìtàn yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé lóde òní ìbéèrè náà ti yí padà bìrí. Fún ohun tí ó lé ní irínwó ọdún, ìlú ni ó ń san owó fún yunifásítì. Nísinsìnyí, ìlú ni ó ń béèrè pé, ẹ̀yin tí ẹ gba ilẹ̀ tí ó dára jù láàárín ìgboro wa, kí ni ẹ ń dá padà fún wa?

Ohun kan wà tí ó jẹ́ kí ìlú máa bẹ̀rù yunifásítì ní ayé àtijọ́. Yunifásítì kò ní ilé nígbà náà. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni yunifásítì, yàrá àyágbé ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, bí inú bá sì bí wọn, wọn a di ẹrù wọn, wọn a gba ìlú mìíràn lọ. Ní 1209, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó sá kúrò ní Oxford ni ó fi ìdí Cambridge múlẹ̀. Ní 1222, àwọn tí ó bínú kúrò ní Bologna, ní ilẹ̀ Ítálì, ni ó dá Padova sílẹ̀. Owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ìwé tí wọ́n ń ná sì bá wọn lọ. Kò sí ìyẹn mọ́ báyìí. Yunifásítì tí ó ní ilé-ìwòsàn, ilé ìkówèésí, yàrá àyẹ̀wò àti pápá ìṣeré kò lè di ẹrù rẹ̀ lóru. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè ti ilẹ̀kùn kí ó kó lọ sí ibi tí iṣẹ́ gbé pọ́ọ́kú, ilé ìfowópamọ́ lè pa ẹ̀ka rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n yunifásítì ń bẹ níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kan sí i. Ibi tí ìlú bá ń rà sí, ibẹ̀ ni òun náà yóò máa rà sí, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ìgboro ń bà kò ní í wá, olùkọ́ tí kò rí ilé-ìwé gidi fún ọmọ rẹ̀ kò sì ní í pẹ́.

Mo fẹ́ sọ èrò tèmi síta kíá. N kò ka ẹ̀bùn sí púpọ̀. Mo ti rí àwòrán pọ̀ tó, níbi tí gíwá yunifásítì kan ti ń gé rìbọ́ọ̀nù níwájú kànga ẹ̀rọ tàbí tí ó ń na ìwé sọ̀wédowó ńlá sí olórí àdúgbò, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí yunifásítì ń ṣe fún ìlú kò sí nínú ohun tí ó fi tọrẹ. Ó wà nínú iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀: àwọn tí ó gbà sí iṣẹ́, ọwọ́ àwọn tí ó ti ń rajà, ibi tí ó kọ ojú ilé rẹ̀ sí, àti àwọn ìbéèrè tí ó yàn láti wádìí. Bí ó bá sì wá di ọ̀rọ̀ owó, èyí tí a kọ sínú ìwé àdéhùn ni mo gbẹ́kẹ̀lé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́, nítorí òun ni ó tóbi jù tí a sì máa ń gbójú fò jù. Bí a bá ti gbọ́ yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́yìn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni ẹni tí ń gbá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ń tún iná ṣe, awakọ̀, alásè, akọ̀wé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tí ń gé koríko, nọ́ọ̀sì àti afọṣọ ilé-ìwòsàn wà. Ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, kò sí ilé-iṣẹ́ aládàáni kankan tí ó gba òṣìṣẹ́ tó Yunifásítì Pennsylvania. Ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ni ọ̀rọ̀ wọn rí bẹ́ẹ̀: bí a bá yọ yunifásítì kúrò, ojú pópó tí ó kù fún wọn kò tó nǹkan.

A rí èyí kedere ní 2020. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí àwọn onílé tí ń fi yàrá háyà fún wọn fi mọ ohun tí ó ń jẹ́ yàrá òfìfo. Àwọn tí ń ṣe fótókọ́pì, àwọn tí ń gé irun, àwọn tí ń ta oúnjẹ alẹ́, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ni ó ń wo ojú ọ̀nà. Ìlú tí ó ti ń ráhùn pé ariwo akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ jù wá rí bí ìdákẹ́jẹ́ ti ń pa ọjà.

Ọ̀rọ̀ ọjà rírà náà ní kọ́lọ́fín tirẹ̀. Yunifásítì a máa ra àga, aṣọ ibùsùn, bébà, ọ̀dà, oúnjẹ àti àtúnṣe òrùlé lójoojúmọ́ ayé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ń jáde. Bí wọ́n bá di àtúnṣe ilé ogún pọ̀ sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ní kí kọngilá tí yóò ṣe é fi owó ńlá dúró ṣáájú, tí owó rẹ̀ kò sì ní í jáde títí di oṣù mẹ́fà, wọ́n ti yọ káfíńtà àdúgbò kúrò nínú rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lé e. Òfin tí wọ́n ṣe ni ó lé e. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń san owó láàárín oṣù kan, tí wọ́n sì ní kí kọngilá ńlá tí ó bá wá láti ọ̀nà jíjìn mú ọmọ ìlú mọ́ra, kọ́ wọn níṣẹ́, kí ó sì fi hàn pé òun mú wọn, owó kan náà ni yóò jáde ní àpò yunifásítì, ṣùgbọ́n ìlú ni yóò balẹ̀ sí. Nígbà tí Judith Rodin jẹ́ ààrẹ Yunifásítì Pennsylvania, láti 1994 sí 2004, ara ohun tí ó tẹnu mọ́ gan-an nìyí: kí yunifásítì máa ra ohun tí ó fẹ́ rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ìwọ̀-oòrùn Philadelphia tí ó yí i ká. Akọ̀wé ọ́fíìsì ìrajà tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ lè ṣe ìlú lóore ju gbogbo ìpàdé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná ni ọ̀rọ̀ owó-orí. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin yọ yunifásítì kúrò lára àwọn tí ń san owó-orí lórí ilé àti ilẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ àǹfààní gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe. Òfin tí ó dára ni. Àmọ́ ọkọ̀ panápaná kì í béèrè bóyá ilé tí ń jó ń san owó-orí tàbí kò san án kí ó tó lọ, ọkọ̀ ìdọ̀tí náà kì í béèrè. Bí yunifásítì bá sì ti ń ra ilé kún ilé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó kù tí ń san owó-orí ń dín kù, tí ẹrù wọn sì ń wúwo sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé tí gbogbo ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kíkún kì í san owó-orí ìgbìmọ̀ ìlú. Ìyẹn dára fún akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n àdúgbò tí ó bá kún fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lo iná ojú pópó tí ẹlòmíràn ń san owó rẹ̀.

Ìlú New Haven, ní Amẹ́ríkà, ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń tọ́ka sí jù, nítorí pé ìjíròrò ọ̀hún pẹ́ níbẹ̀. Yunifásítì Yale wà nínú àwọn tí ó lówó jù lọ ní gbogbo àgbáyé, ìlú tí ó gbà á lálejò kò sì lówó rárá. Yale ti ń fi owó àtinúwá ránṣẹ́ sí ìlú láti ọdún pípẹ́. Láti 1994 ni ó ti ń ran àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti ra ilé nínú ìlú náà fúnra rẹ̀, kí owó oṣù wọn má baà máa sùn sí ìgbèríko olówó. Ní 2010, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ti ètò kan tí ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn ọmọ tí ó bá jáde ní ilé-ìwé ìjọba New Haven pẹ̀lú èsì tó dára. Síbẹ̀, ariwo kò dáwọ́ dúró, àwọn òṣìṣẹ́ àti ará ìlú kò yé wọ́de. Ní oṣù Kọkànlá 2021 ni ìhà méjèèjì tó fọwọ́ sí àdéhùn pé Yale yóò fún ìlú ní mílíọ̀nù 135 dọ́là láàárín ọdún mẹ́fà. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ju iye owó náà lọ ni pé a mọ iye ọdún rẹ̀. Mẹ́yọ̀ tí ó bá mọ ohun tí yóò wọlé fún ọdún mẹ́fà lè gba olùkọ́ síṣẹ́, kó sì mọ̀ pé owó oṣù rẹ̀ yóò wà. Èyí tí ó bá ń dúró de ẹ̀bùn kò lè ju kí ó ra àga lọ.

Ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà kan náà, gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2012, ìlú náà ń kọ ìwé sí àwọn ilé-ìwé gíga àti ilé-ìwòsàn tí ilé àti ilẹ̀ wọn pọ̀, pé kí wọ́n san ìdámẹ́rin owó-orí tí ì bá tọ́ sí wọn, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe fún ará ìlú dí ìdajì rẹ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe òfin, ọ̀pọ̀ kì í sì í san án pé. Ní ìlú Princeton, ẹ̀bẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ mọ́. Àwọn ará àdúgbò gbé yunifásítì lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tí ń rí owó ńlá lórí ohun tí ó ṣàwárí kò yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ owó-orí. Ní 2016, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, yunifásítì gbà láti san ohun tí ó ju mílíọ̀nù 18 dọ́là lọ, tí apá kan rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ àwọn onílé tí owó-orí ti fẹ́ lé kúrò nílé baba wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti dé ilé ẹjọ́ kì í sábà dá ọ̀rẹ́ padà. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Ṣùgbọ́n bí owó nìkan bá ni yunifásítì lè fún ìlú, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì pàápàá lè ṣe é. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ yunifásítì tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ìmọ̀. Ti ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn hàn sí gbogbo ènìyàn, n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀: ibẹ̀ ni a ń gbé àìsàn tí ó ti ju agbára àwọn yòókù lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn láti máa sọ ni ti Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ti di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè lọ́tọ̀. Ẹ ro ohun tí èyí béèrè. Kò sí ìwé ìṣirò, kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá tí ó kúnjú ìwọ̀n, wọ́n ní láti jókòó kọ wọ́n. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún méje yóò gbọ́, tí yóò sì tún bá ohun tí ń bẹ nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mu. Ní ìparí rẹ̀, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ wọn, a kò sì rí i pé Gẹ̀ẹ́sì wọn rẹ̀yìn. Ìwádìí tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí títí di òní, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni a ti ṣe é. Ọmọ àwọn tí ń bẹ ládùúgbò ni ó jókòó sí kíláàsì náà, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀.

Èkejì tí ó wù mí ni ohun tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Netherlands dá sílẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980, tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀bù ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọ́fíìsì kékeré ni. Bí ará àdúgbò kan bá ní omi odò tí ó kọjá lẹ́yìnkùlé òun ti ń rùn, tàbí tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ́míkà tí àwọn ń fọwọ́ kàn léwu, wọn a gbé ìbéèrè wọn wá, a kò ní í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ kan a fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà olùkọ́. Ẹ kíyèsí i pé kò sí ẹni tí ó ṣe ẹnikẹ́ni ní àánú níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ kan kí ó tó jáde, dandan ni. Kàkà kí iṣẹ́ náà lọ wọ inú àpótí kí eku máa jẹ ẹ́, ó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó nílò rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: yunifásítì ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ará àdúgbò ni ó mọ ibi tí omi ti ń rùn.

N kò ní í parọ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ó dùn. Ní àwọn ọdún 1960, àdúgbò kan wà nítòsí Yunifásítì Pennsylvania yìí kan náà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Black Bottom, àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n wó o palẹ̀ kí ilé ìwádìí àti ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lè rí ibi dúró sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sì kó kúrò. Ìdàgbàsókè ni wọ́n pè é. Títí di òní, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n lé ṣì ń kóra jọ, wọ́n ń dárúkọ ojú ilé tí kò sí mọ́.

Nígbà tí yunifásítì náà wá fẹ́ ṣe rere, rere náà ní ẹ̀yìn. Ní 2001, òun àti àjọ ilé-ìwé ìjọba Philadelphia ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n fi orúkọ Sadie Alexander pè, yunifásítì sì ń fi owó kún èyí tí à ń ná lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ilé-ìwé náà dára débi pé owó ilé ní àdúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Ní oṣù Kìíní 2013, àwọn òbí tò síta nínú òtútù, pẹ̀lú àga àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, kí ọmọ wọn lè rí àyè ní jẹ́lé-ó-sinmi. Àjọ ilé-ìwé dá wọn dúró, wọ́n ní kí a máa ṣẹ́ kèké. Mo máa ń ronú nípa ìlà yẹn. Ẹni tí ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kó tò sórí ìlà, ṣé òun ni a dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ fún? Ní 2020, yunifásítì yìí kan náà ṣèlérí mílíọ̀nù 100 dọ́là fún ọdún mẹ́wàá, láti fi palẹ̀ òjé àti asbestos, èròjà ilé kíkọ́ àtijọ́ tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, mọ́ ní àwọn ilé-ìwé ìjọba jákèjádò ìlú. Lójú tèmi, ìyẹn sàn ju ilé-ìwé kan tí ó dára bí ẹyin lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè tìtorí rẹ̀ fi kún owó ilé.

Mo ní àṣà kan. Ìlú tí mo bá dé tí yunifásítì wà níbẹ̀, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn yí ọgbà rẹ̀ ká kí n tó wọlé. Ojú odi ni mo máa ń wò: ibi tí ilẹ̀kùn wà àti ibi tí ó jẹ́ odi lásán. Ní ibì kan tí n kò ní í dárúkọ, ẹnu ọ̀nà ńlá kọjú sí òpópónà olówó, ó ní òdòdó, ó ní ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta tí ń kí ènìyàn. Mo rìn títí mo fi dé ẹ̀yìn, níbi tí odi ti kọ ẹ̀yìn sí àdúgbò tí àwọn agbálẹ̀ àti alásè yunifásítì náà ń gbé. Ilẹ̀kùn irin kékeré kan wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà. Obìnrin kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ yunifásítì ń kọjá lọ, mo kí i, mo bi í bóyá wọ́n máa ń ṣí i.

Ó ní ọdún kọkànlá òun rèé lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, òun kò rí i kí wọ́n ṣí i rí. Láti ilé òun sí yàrá tí òun ń gbá kò tó ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún bí ilẹ̀kùn náà bá ṣí, ogójì ìṣẹ́jú ni òun ń fi yí odi po láràárọ̀. Mo bi í bóyá ó ti sọ fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ti kọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá àwọn lóhùn pé àwọn yóò wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.